Ilé Kan, Ìṣirò Mẹ́ta: Bí Ogún Ṣe Ń Tú Ọmọ Bàbá Ká ní Àjàṣẹ́

Ẹni tó bá ti ọjà Ouando wọ inú Àjàṣẹ́, tí ìwé ń pè ní Porto-Novo, ní orílẹ̀-èdè Benin, tó yà sí àdúgbò Oganla tàbí Attakè, kò ní pẹ́ rí i lára ògiri: lẹ́tà gbàgbàgbà, ọ̀dà pupa, èdè Faransé. PARCELLE EN LITIGE. Nígbà mìíràn wọ́n á fi kún un pé À NE PAS VENDRE. Ilẹ̀ yìí wà lẹ́nu ẹjọ́, ẹ má rà á. Àlejò á rò pé ẹnì kan ló ta ilẹ̀ kan fún ẹni méjì. Ó ń rí bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá bi ìyá tó ń din àkàrà níwájú ògiri náà, ohun tí ẹ máa gbọ́ lọ́pọ̀ ìgbà ni pé ọmọ bàbá kan náà ni àwọn tó ń jà.

Ọ̀kan wà nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ tí mo mọ inú rẹ̀ dáadáa. N kò ní sọ òpópónà tó wà, torí àwọn tó ni ín ṣì ń kí mi. Ilé alágbàlá ni, yàrá mọ́kànlá yí kànga ká, ṣọ́ọ̀bù mẹ́rin kọjú sí títì. Oníṣòwò aṣọ ni bàbá tó kọ́ ọ, ó ná Èkó títí ó fi darúgbó. Ó fẹ́ ìyàwó méjì, ó bí ọmọ mẹ́jọ. Ìyálé bí méjì, ọkùnrin kan, obìnrin kan. Ìyàwó bí mẹ́fà, ọkùnrin mẹ́ta, obìnrin mẹ́ta. Àwọn ìyá méjèèjì ló ṣáájú bàbá lọ. Nígbà tí bàbá náà tẹ̀lé wọn, wọ́n ṣe àdúrà ọjọ́ kẹjọ, wọ́n ṣe ti ogójì ọjọ́, wọ́n dá aṣọ kan náà, wọ́n jẹ, wọ́n mu. Lónìí, àgádágodo mẹ́ta ló wà lára ilẹ̀kùn yàrá bàbá. Àkọ́bí ló fi ọ̀kan sí i. Àwọn ọmọ ìyàwó fi èkejì lé e. Ọmọ ìyálé tó jẹ́ obìnrin, tó ń gbé Kútọnu, wá ní ọjọ́ Àìkú kan, ó fi ẹ̀kẹta sí i, ó ju kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sínú àpamọ́wọ́, ó padà. Kò sẹ́ni tó lè dá wọlé mọ́. Inú àpótí tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni ìwé ilẹ̀ wà. Àwọn eku náà wà níbẹ̀. Àwọn nìkan ni kò nílò kọ́kọ́rọ́.

Kì í ṣe pé ọmọ ayé ìsinsìnyí burú ju ti àtijọ́ lọ, bí àwọn àgbà ṣe ń sọ. Nígbà tí ilẹ̀ kò tíì lówó lórí, ẹni tó fẹ́ gbé ilé bàbá ń gbé e, ẹni tó kúrò kúrò, yàrá tó ṣófo ni wọ́n ń da àgbàdo sí. Ní báyìí wọ́n ti da ọ̀dà sí ọ̀pọ̀ òpópónà Àjàṣẹ́. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní Kútọnu ń wá ilé wá sọ́dọ̀ wa, torí ọ̀nà náà kò ju nǹkan bí ọgbọ̀n kìlómítà lọ. Yàrá àgbàdo ti di yàrá tí ènìyàn ń san owó lé lórí lóṣooṣù. Ibi tí owó bá ti ń wọlé lóṣooṣù, ìbéèrè máa ń wà lóṣooṣù pẹ̀lú: ta ló gbà á, èló ló gbà, níbo ló kó o sí?

Owó ilé ni kí á fi ṣàlàyé, nítorí náà, kì í ṣe ilé fúnra rẹ̀. Ká ní ohun tó ń kù lóṣù, lẹ́yìn àtúnṣe àti owó iná, jẹ́ 240,000 sẹ́fà. Báwo ni ọmọ mẹ́jọ yẹn ṣe máa pín in?

Bí wọ́n bá fi ìdí-igi pín in, bí àwọn baba ńlá wa ṣe ń ṣe, ìdí ìyá kọ̀ọ̀kan ni wọ́n máa kà, wọn kò ní ka orí ọmọ. Ìdí méjì ló wà, ìdí kọ̀ọ̀kan gba 120,000. Àwọn ọmọ ìyálé méjèèjì gba 60,000 lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọmọ ìyàwó mẹ́fẹ̀ẹ̀fà gba 20,000. Bí wọ́n bá fi orí-ò-jorí pín in, ọmọ mẹ́jọ, ẹnìkọ̀ọ̀kan 30,000, kò sí ọkùnrin, kò sí obìnrin. Ibẹ̀ náà ni òfin ilẹ̀ Benin dúró sí. Bí wọ́n bá pe ààfáà, tó ṣí Àlùkùránì sí Súrà An-Nisā, ẹsẹ 11, ìpín ọkùnrin kan jẹ́ ti obìnrin méjì. Ọkùnrin mẹ́rin, obìnrin mẹ́rin, ìyẹn ìpín méjìlá. Ọkùnrin á gba 40,000, obìnrin á gba 20,000.

Ẹ wá mú obìnrin tó fi àgádágodo kẹta sí ilẹ̀kùn yẹn, ọmọ ìyálé. Lábẹ́ àṣà, 60,000 ni tirẹ̀. Lábẹ́ òfin, 30,000. Lábẹ́ ẹ̀sìn, 20,000. Ọmọbìnrin kan náà ni o, bàbá kan náà, ilé kan náà. Ẹ mú ọmọkùnrin ìyàwó: 20,000 lábẹ́ àṣà, 30,000 lábẹ́ òfin, 40,000 lábẹ́ ẹ̀sìn. Ṣé ó yà yín lẹ́nu pé ọmọ ìyálé ló ń pariwo àṣà Yorùbá ní ìpàdé ẹbí, tí àwọn ọkùnrin inú ọmọ ìyàwó wá di ẹlẹ́sìn òjijì, tí àwọn obìnrin wọn sì ń sọ pé kí wọ́n gbé e lọ sí kóòtù? Kò sí ẹni tó ń parọ́ nínú wọn. Ẹnìkọ̀ọ̀kan ń ka ìwé tí orúkọ rẹ̀ tóbi jù nínú rẹ̀. Mo ti jókòó sí irú ìpàdé yìí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, n kò sì tíì rí ẹni tó dìde gbèjà ìṣirò tó máa dín owó tirẹ̀ kù.

Àwọn ìbátan wa tó wà ní òdìkejì ààlà mọ ìjà yìí dáadáa. Ní Èkó, ẹjọ́ Dáwódù àti Danmole dé ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní Nàìjíríà ní 1958, ó sì dé ọ̀dọ̀ àwọn adájọ́ Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1962. Olóògbé náà fi ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀. Ìbéèrè ibẹ̀ kò yàtọ̀ sí tiwa: ṣé ọ̀nà mẹ́rin ni tàbí ọ̀nà mẹ́sàn-án? Ìdájọ́ ni pé ìdí-igi ni àṣà Yorùbá, àmọ́ tí ìjà bá wà, olórí ẹbí lè yan orí-ò-jorí. Àwọn ènìyàn wa tó ń ná Èkó ti gbọ́ èyí, wọ́n sì máa ń gbé e wọ Àjàṣẹ́ bí ẹni gbé ẹrù gba ẹnubodè Kraké wọlé. Kò wúlò níbí. Òfin tiwa kò ti ọ̀dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá.

Tiwa ní ìtàn tirẹ̀. Nígbà ìjọba Faransé, wọ́n kó àṣà àwọn ẹ̀yà jọ sínú ìwé kan ní 1931, wọ́n pè é ní Coutumier du Dahomey. Ìwé yẹn ka obìnrin pàápàá mọ́ àwọn ohun tí wọ́n ń jogún. Ó wà lórí tábìlì àwọn adájọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn òmìnira, títí Cour constitutionnelle, kóòtù tó ń ṣọ́ òfin àgbà ilẹ̀ wa, fi sọ ní 1996 pé kì í ṣe òfin. Ní oṣù kẹfà 2002, àwọn aṣòfin dìbò fún òfin tuntun lórí ènìyàn àti ẹbí, Code des personnes et de la famille. Kóòtù náà dá a padà ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn, torí wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún ọkùnrin láti fẹ́ ju ìyàwó kan lọ nígbà tí obìnrin kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n tún un kọ, wọ́n tún un dìbò, ó sì di òfin ní ọjọ́ 24 oṣù kẹjọ 2004. Àjàṣẹ́ níbí ni wọ́n ti dìbò náà, nínú ilé aṣòfin. Láti ibẹ̀ dé ọ̀pọ̀ ilé tí mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, ẹsẹ̀ lásán ni ènìyàn fi ń rìn ín. Òfin náà kò tíì rìn ín dé.

Ohun tó sọ nípa ogún kò ṣòro láti lóye. Àwọn ọmọ ló kọ́kọ́ ń jogún bàbá àti ìyá wọn, ọkùnrin àti obìnrin lọ́gbọọgba, àkọ́bí àti àbíkẹ́yìn lọ́gbọọgba, ì báà jẹ́ ìyá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló bí wọn. Àṣà kò ní agbára òfin mọ́ níbi tí ìwé yìí bá ti sọ̀rọ̀. Aya tàbí ọkọ tó kù láyé ní ìpín, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n so yìgì níwájú aláṣẹ ìjọba nìkan ni òfin mọ̀ sí aya. Ibí yìí ni omijé pọ̀ sí. Obìnrin tó ti lo ogójì ọdún nílé ọkọ, tí ààfáà so yìgì rẹ̀, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní ìyá ilé, lè dé iwájú adájọ́ kó gbọ́ pé òun kò sí nínú ìwé. Àwọn ọmọ rẹ̀ wà níbẹ̀, òun kò sí. Nínú ilé tí mo ń sọ yìí, ikú àwọn ìyá méjèèjì ló gbà wọ́n lọ́wọ́ apá yẹn nínú ìjà náà. Ọ̀rọ̀ burúkú ni láti sọ, ṣùgbọ́n òótọ́ ni.

Ṣé àwọn ọmọ kò wá lè pín in bó ṣe wù wọ́n ni? Wọ́n lè pín in. Bí gbogbo ajogún bá ti dàgbà, tí gbogbo wọn sì fohùn ṣọ̀kan, ìdí-igi ni o, ti ààfáà ni o, adájọ́ kò ní wá gba ilé lọ́wọ́ wọn. Gbogbo wọn ni ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo tó bá sọ pé òun kò gbà, orí-ò-jorí ni wọ́n máa bá lọ́dọ̀ adájọ́. Bí ọmọdé bá sì wà nínú àwọn ajogún, ọwọ́ ilé ẹjọ́ gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́.

Àwọn kan á ní: bí bàbá bá ti kọ ìwé ìhágún ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ tí mo mọ̀. Àwọn bàbá wa kì í kọ ọ́. Kì í ṣe àìmọ̀wé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń kọ gbèsè oníbàárà sílẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà Lárúbáwá láìṣìṣe. Ẹnu ni wọ́n ń há ogún. Bàbá á pe ọmọ kan wọ yàrá lálẹ́, á ní, "Ṣọ́ọ̀bù tó wà ní igun yẹn, tìẹ ni." Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, á pe òmíràn, ọ̀rọ̀ kan náà, ṣọ́ọ̀bù kan náà, torí ẹni tó bá ń tọ́jú rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn ni inú rẹ̀ ń dùn sí. Ó kú tán, ọmọ méjì dúró, ẹ̀rí méjì, kò sì sí irọ́ nínú ọ̀kankan. Ilé ẹjọ́ kì í fi ohun tí etí ẹnì kan gbọ́ pín ilé.

Àwọn díẹ̀ tó kọ ọ́ náà ń ṣe àṣìṣe tó rọrùn láti yẹra fún. Ìwé ìhágún tí ènìyàn fúnra rẹ̀ kọ, tí òfin ń pè ní testament olographe, ọwọ́ onítọ̀hún ló gbọ́dọ̀ kọ gbogbo rẹ̀ láti òkè délẹ̀, kó kọ ọjọ́ tó kọ ọ́ sí i, kó sì buwọ́ lù ú. Kí ni àwọn ènìyàn wa ń ṣe? Wọ́n ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù onífọ́tókópì. Ọmọ ibẹ̀ á fi kọ̀ǹpútà tẹ̀ ẹ́, ó mọ́, ó dán, bàbá á tẹ ìka sí ìsàlẹ̀, wọ́n á lẹ sítáḿbù mọ́ ọn. Ìwé yẹn lẹ́wà ju èyí tí ọwọ́ gbígbọ̀n kọ lọ, kò sì já mọ́ nǹkan kan. Ẹni tí kò lè kọ̀wé ní ọ̀nà mìíràn: ọ̀dọ̀ notaire, ẹni tó máa gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, tó máa kọ ọ́ níwájú ẹlẹ́rìí, tí ojúlówó ìwé náà á sì wà ní ọ́fíìsì rẹ̀, níbi tí eku àti ọmọ kò ti lè dé ibẹ̀.

Ó tún wà níbẹ̀ pé ìwé ìhágún kò lè ṣe gbogbo ohun tí àwọn bàbá rò pé ó lè ṣe. Ní tiwa, apá kan nínú ogún jẹ́ ti àwọn ọmọ dandan. Òfin yà á sọ́tọ̀ fún wọn, ìkọ̀wé bàbá kò lè fọwọ́ kàn án. Apá tó kù ni bàbá lè fún ẹni tó bá wù ú. Nítorí náà, "mo ti yọ lágbájá kúrò nínú ogún mi," tí àwọn bàbá máa ń fi halẹ̀ mọ́ ọmọ tó fẹ́ obìnrin tí wọn kò fẹ́, ìbínú lásán ni. Ẹ̀sìn náà dé irú ibẹ̀ gba ọ̀nà tirẹ̀: Mùsùlùmí kò lè há ju ìdá mẹ́ta lọ, ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́ta, kò sì lè há a fún ẹni tó ti ní ìpín tẹ́lẹ̀. Ó jọ pé gbogbo aṣòfin, ti ọ̀run àti ti ayé, ló mọ̀ pé àgbàlagbà tí inú ń bí kò yẹ lẹ́ni tí à ń fi gègé lé lọ́wọ́ láìdí i ní ìdè díẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á padà sọ́dọ̀ àkọ́bí, nítorí òun ni gbogbo ayé ń bú, mi ò sì rò pé gbogbo èébú náà tọ́ sí i. Nínú àṣà wa, àkọ́bí ọkùnrin ni àrólé. Ó rọ́pò bàbá. Òun ló ń gba àlejò, òun ló ń sin òkú ẹbí, òun ló ń sanwó ilé ìwòsàn àwọn ìyá àgbà, òun ni wọ́n ń jí lóru. Àrólé kì í ṣírò owó fún àbúrò. Ta ní ń bi bàbá léèrè owó? Lójú òfin, kò sí àrólé. Alábòójútó ló wà, administrateur des biens, tí ẹbí yàn, tó ń gba owó fún gbogbo ènìyàn, tó sì gbọ́dọ̀ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Àkọ́bí rò pé àrólé ni òun. Àwọn àbúrò rò pé alábòójútó ni. Ipò méjì yìí ló wà lórí orí kan. Lọ́jọ́ tí àbúrò bá kọ́kọ́ béèrè, lórí WhatsApp, lójú gbogbo ẹbí, pé "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, owó oṣù mẹ́ta yìí ńkọ́?", ẹ̀gbọ́n kò gbọ́ owó nínú ìbéèrè yẹn. Ohun tó gbọ́ ni pé wọ́n pe òun ní olè nínú ilé bàbá òun. Ìjà bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ká sọ tòótọ́, ẹ̀gbọ́n mìíràn jalè lóòótọ́.

Ẹ̀gbọ́n mìíràn wà tí kò ṣe tán láti pín rárá. Àwọn ará Kétou gbọ́n ju wa lọ níbi kan: ilé ọba márùn-ún ló ń jẹ Alákétu, ìyẹn Alápínni, Màgbó, Àró, Mẹ̀ṣà àti Mẹfù, wọ́n sì ń gbé e yí ká, kò sí ilé tó lè sọ pé tòun nìkan ni. N kò tíì gbọ́ ẹbí kan tó ń gbé gbígba owó ilé yí ká báyẹn lọ́dọọdún, láti ìdí ìyá kan sí èkejì. Mo ti dábàá rẹ̀ níbì kan rí. Wọ́n wò mí bí ẹni pé mo ní kí wọ́n máa gbé bàbá wọn yí ká nínú sàréè.

Ọ̀rọ̀ ìwé wá kù, òun ló sì máa ń pẹ́ jù. Kí ilé tó lè kúrò lórúkọ òkú, wọ́n nílò ìwé ẹ̀rí ikú bàbá, ìwé ọjọ́ ìbí ọmọ kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì gbọ́dọ̀ ṣe ìpàdé tí à ń pè ní conseil de famille, níbi tí wọ́n á ti ka orúkọ gbogbo ajogún, tí wọ́n á yan alábòójútó, tí gbogbo wọn á buwọ́ lu àkọsílẹ̀ náà. Wọ́n á gbé e lọ sí ilé ẹjọ́ àkọ́kọ́, tribunal de première instance, kó lè fọwọ́ sí i. Ti Àjàṣẹ́ wà níbí. Àwọn ará Kétou ń lọ sí ti Pobè. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ yóò kan ANDF, àjọ tó ń bójú tó ilẹ̀, bí ilẹ̀ náà bá ní titre foncier, ìwé ìní ilẹ̀ tí ìjọba fọwọ́ sí. Bó bá jẹ́ convention lásán, ìwé àdéhùn tí wọ́n fi ra ilẹ̀, ni bàbá ní, bí ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ ṣe rí, iṣẹ́ mìíràn tún nìyẹn.

Ó dà bí ohun tó rọrùn lórí ìwé. Ẹ wò ó lórí tábìlì. Bàbá ń jẹ́ Ráfíù. Akọ̀wé kan ní mairie, ọ́fíìsì ìjọba ìlú, kọ ọ́ sí Rafiou nínú ìwé ọjọ́ ìbí àkọ́bí. Òmíràn, lọ́dún mẹ́fà lẹ́yìn náà, kọ ọ́ sí Raphiou. Ọmọ tí wọ́n bí nígbà tí ìyá rẹ̀ wà l'Ékòó ní ìwé Nàìjíríà, wọ́n kọ Rafiu síbẹ̀. Àbíkẹ́yìn kò ní ìwé rárá, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ya tirẹ̀ fún un láti fi wọ iléèwé. Bàbá mẹ́ta àti ọmọ tí kò ní bàbá, gbogbo wọn láti inú agbada kan náà. Kí akọ̀wé kóòtù tó gbà pé ọmọ ẹnì kan ni wọ́n, wọ́n á gba ìdájọ́ àtúnṣe orúkọ fún ẹni tó nílò rẹ̀, owó á jáde, oṣù á lọ. Ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n pín in ti mọ̀ pé ibẹ̀ ni òun á fi ẹsẹ̀ tì í. "Ṣé ọmọ bàbá wa tiẹ̀ ni ọ́?" Ìbéèrè yẹn kì í wá sẹ́nu ẹnikẹ́ni nígbà tí bàbá wà láyé.

Nígbà tí ìwé bá ń pẹ́ báyìí ni ẹnì kan máa ń jí ta. Ó ní oníbàárà, ó nílò owó, ó ta ṣọ́ọ̀bù kan tàbí ẹ̀yìn ilé. Òfin ilẹ̀ Benin lórí ilẹ̀, ti 2013 tí wọ́n tún ṣe ní 2017, kò fi ojú rere wo ẹni tó ta ohun àjùmọ̀ní bí ẹni pé tòun nìkan ni. Ẹ̀wọ̀n lè wà nínú rẹ̀. Ẹni tó rà á náà ti kó sínú ìyọnu. Ìgbà yẹn ni ọ̀dà pupa ń jáde. Kì í ṣe kóòtù ló ń kọ ọ́ lọ́pọ̀ ìgbà. Àbúrò kan ló ra ọ̀dà, tó fi òru kọ ọ́, kí ẹlòmíràn má bàa rà.

Fún ohun tí àìpín lè dà, ẹ lọ wo àwọn ilé Àgùdà. Àwọn tó ti Bràsíìlì padà dé ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, àti àwọn bíríkìlà tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn, kọ́ ilé alájà fún ara wọn àti fún àwọn ọlọ́jà Yorùbá: fèrèsé alábàjà, òdòdó sìmẹ́ǹtì lókè ilẹ̀kùn, àwọ̀ ìyeyè àti osùn. Ìran kẹta àti ìkẹrin ló ni wọ́n báyìí, ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ ajogún, àwọn kan ní Dakar, àwọn kan ní Páríìsì. Kò sí ẹni tó lè tà, kò sí ẹni tó fẹ́ fi owó ara rẹ̀ tún ohun tí gbogbo ènìyàn máa jọ ni ṣe. Òjò ń wọ inú wọn. Àwọn onímọ̀ nípa ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, tó ní iléèwé wọn níbí ní Àjàṣẹ́ láti 1998, ń yàwòrán wọn, wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀, ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n àwòrán kò lè buwọ́ lùwé.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí àwọn obìnrin díẹ̀ sí i, torí ẹnu wọn ni kò ká a jù. Ọmọbìnrin ẹlẹ́kẹrin nínú ilé tí mo sọ yẹn dálémosú. Ọkọ lé e, ó padà sí yàrá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá. Kò sanwó, torí ilé bàbá rẹ̀ ni. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ń sọ pé ó ti jẹ ogún tirẹ̀ tán nínú yàrá yẹn. Bákan náà ni wọ́n sọ fún èyí tí bàbá sanwó ọkọ̀ òfuurufú rẹ̀ lọ sí Libreville: "Ìwọ ti jẹ tìrẹ." Bí wọ́n bá ta ilé, 30,000 lóṣù kò ní sí mọ́, owó kan á wọlé lẹ́ẹ̀kan, obìnrin yẹn á sì wá ibi tó máa sùn. Òfin fún un ní ìpín tó dọ́gba pẹ̀lú ti ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ ló ń buwọ́ lùwé pé àwọn fi ìpín sílẹ̀ fún àwọn ọkùnrin, kí ilé má bàa tú, kí wọ́n lè rí ẹni gbà wọ́n sílé. N kò rò pé ìfẹ́ inú wọn nìyẹn. Tí ẹ bá wà ní irú ìpàdé bẹ́ẹ̀, ẹ wo ojú ẹni tí wọ́n gbé gègé fún.

Ní ilé yẹn, wọ́n ti wá gbà láti ṣe conseil de famille. Ọ̀kan nínú àwọn àbúrò bàbá ló bẹ̀ wọ́n, obìnrin tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, tó ní òun kò fẹ́ kú kí òun lọ máa ṣàlàyé fún ẹ̀gbọ́n òun. Délégué, olórí àdúgbò, wá jókòó. Wọ́n pín omi, wọ́n pín bisikíìtì. Méje nínú mẹ́jọ ti buwọ́ lù ú. Ti Libreville ní òun kò ní fi ìwé ránṣẹ́ àyàfi tí òun bá rí ìṣirò owó ilé láti ọjọ́ tí bàbá ti kú. Gbogbo ènìyàn wo àkọ́bí. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó dìde, ó wọ yàrá tirẹ̀, ó gbé ìwé àkọsílẹ̀ aláwọ̀ búlúù kan jáde. Ó ń kọ ọ́ látọjọ́ yìí, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀rinrin ti lẹ ojú ewé mọ́ra wọn. Obìnrin tó wá láti Kútọnu, ọmọ ìyálé, gbà á, ó fi abẹ́rẹ́ ìdìrun ń ya ojú ewé kan kúrò lára èkejì, díẹ̀díẹ̀, kí yíǹkì má bàa bọ́.